Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ará Ilé

Mi ò lè gbé e kú. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi sínú láti ọdún méjì, òní ló gbọ́dọ̀ jáde, nítorí kíndìnrín mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ fi irọ́ pàdé Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn. Èmi Fọláwùmí, ìyá Tìmílẹ́hìn, èmi ni mo fọ́ Rídwàn lójú.

Àwa mẹ́ta la jọ háyà ilé ní Ìtamaga, a sì ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: èmi ń ta aṣọ, Adéòjó ń ta bàtà, Rídwàn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń ta ẹja gbígbẹ. Láìnì íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo là ń pín lò, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ni láìnì ti kìlọ̀ pé ìlò inú ilé ló wà fún. Bí dátà oṣù bá kọjá ìwọ̀n, wọn yóò dín eré rẹ̀ kù títí oṣù yóò fi tán. La bá pín ọjọ́: kálukú ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí yóò fi ṣe láìfù, ìyẹn fídíò ojú ẹsẹ̀ tí a fi ń polówó ọjà. Ojúkòkòrò mi ò gbà. N ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, n ó máa tajà lọ́jọ́ ọlọ́jọ́. Èmi tí mò ń darí àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé náà o!

Ní Jímọ̀ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi: dátà ti kọjá ìwọ̀n, fóònù Fọláwùmí ló lo èyí tó pọ̀ jù. Mo fi í pamọ́. Lọ́sàn-án, bí Adéòjó ṣe ń fi bàtà han àwọn oníbàárà rẹ̀, àwòrán rẹ̀ gan pa. Ó já síta.

"Ta ló jẹ dátà yìí tán?"

Aṣọ ni mò ń lọ̀. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ bi Rídwàn. Fídíò ẹja rẹ̀ ò lópin."

Adéòjó fún Rídwàn tó jókòó nítòsí lọ́rùn, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. "Ọmọ ẹlẹ́ja! Ṣé dátà wa lo fẹ́ fi jí òkú ẹja dìde ni?" Ó fi igi lù ú níhà, mo gbọ́ bí egungun ṣe kán.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣe sùúrù," ni Rídwàn ń wí, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ ní kí Ìyá Tìmí gbé fóònù wọn wá. Àwọn ni àwọn tó ni láìnì ń kọ̀wé sí."

Adéòjó yíjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Kó tó la ẹnu, mo fò mọ́ Rídwàn, mo tẹ áyọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn lójú. Ẹran ara dún ṣàà. Mo tún gbé e sí ojú kejì. Èmi náà ni mo tún ń pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ lù mí pa!" Gbogbo àdúgbò gbà mí gbọ́. Adéòjó ò bi mí mọ́, torí òun náà ló kán an légungun ìhà.

Lówùúrọ̀ òní, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Rídwàn jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Ìyá náà ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tó ti gbà pé ọmọ òun ló kọ́kọ́ fẹ́ lu obìnrin. Rídwàn kọ ojú rẹ̀ tó ti di àpá síbi tí ohùn mi wà.

"Ìyá Tìmí, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ náà ṣì wà lórí fóònù yín?"

Mo ní ó wà.

"Ẹ kà á sókè, kí màámi gbọ́."