Ojú Ọsàn Kan Ṣoṣo

(Azeemah ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn èso, ó sì ń ṣe IT, iṣẹ́ ìdánrawò tí school ní kó ṣe, nínú ọgbà kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Wàhábì ni àbúrò ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.)

[Fóònù dún, wọ́n gbé e.]

WÀHÁBÌ: Azeemah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

AZEEMAH: Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ṣé ara—

WÀHÁBÌ: Ara le. Ọsàn ń so bí ẹni pé a bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́? Alhaja Kúbúrátù, ọ̀gá rẹ, ńkọ́?

AZEEMAH: Wọ́n wà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ọsàn, ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, tí ẹ máa ń gé lẹ̀ mọ́ ara igi mìíràn yẹn, apá wo ló ń kọjú sókè?

WÀHÁBÌ: [ẹ̀rín] O fẹ́ dán mi wò. Ìwọ tó o ní o ti ṣe igba. Kò sẹ́ni tí mi ò fi ọ́ yangàn fún lóko yìí—

AZEEMAH: Mi ò ṣe ìkankan.

WÀHÁBÌ: Ìlà ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

AZEEMAH: Mi ò mú ọ̀bẹ yẹn rí. Àwọn ọmọ-ọmọ Alhaja ni mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń mú lọ sí léèsìnì. Gbogbo Friday, Alhaja á ní kí n kọ "budding", ìyẹn ojú ọsàn gígé, sínú logbook kí wọ́n tó lu stamp.

WÀHÁBÌ: Fún oṣù mélòó?

AZEEMAH: Mẹ́fà.

[Adìẹ ń ké lọ́dọ̀ Wàhábì.]

AZEEMAH: Dókítà Timothy, olùkọ́ wa, ti dé láti school. Wọ́n ka logbook, ó wù wọ́n, wọ́n ní kí n ṣe ẹyọ kan lójú àwọn. Mo ní mo fẹ́ mú ọ̀rá tí a fi ń dì í. Inú stóò ni mo wà.

WÀHÁBÌ: Jáde, kó o sọ òtítọ́.

AZEEMAH: Alhaja dúró tì wọ́n. Stamp ìkẹyìn ṣì wà nínú báàgì wọn. Tí wọn ò bá lù ú, màá tún IT ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà ni mo sì kọ irọ́ yẹn, Bọ̀ọ̀dá. Handwriting mi ni.

WÀHÁBÌ: Hẹn. Ó dáa. Gé èèpo igi kékeré tí ojú náà máa lẹ̀ mọ́ bíi lẹ́tà T. Má jẹ́ kí ọ̀bẹ wọnú igi. Ṣé o gbọ́ mi?

AZEEMAH: Ó ń já. Ẹ dúró, mo ti fi sí speaker. Ojú náà ńkọ́, sà? Òkè àbí—

WÀHÁBÌ: Bàbá mi fi odindi ọdún kan kọ́ mi. Igi tí mo pa ò lóǹkà.

AZEEMAH: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, òkè àbí ìsàlẹ̀?

[Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.]

WÀHÁBÌ: Azeemah? Mo ní ọwọ́ tí ò tíì gé ojú ọsàn kan ṣoṣo rí, tíṣà yẹn á mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ TIMOTHY: A ti gbọ́ yín, bàbá.

[Ìlà já.]