Lẹ́tà Ọmọ Mi Ń Bẹ Nínú Kọ̀ǹpútà Yín

Ẹ má sọ fún mi pé kí n jókòó! Mi ò jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà ní tábìlì kejì yẹn yíjú wò mí dáadáa, kí ọ̀gá yín náà jáde wá bó bá wù ú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ni mí, mi ò wá jalè. Lẹ́tà ọmọ mi ni mo wá gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, Afínjú! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni lẹ́tà ọmọ mi fi wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yìí, tí èmi wà nílé tí mò ń wo ojú ẹ̀rọ bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run lásìkò ọ̀dá, tí mò ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ti kọ̀ mí sílẹ̀.

Ẹ ò mọ̀? Háà, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ńṣe ni ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ǹ bá mọ ibi tí mo ti máa dì yín mú. Ó ti wá jẹ́ pé oore lẹ ṣe fún mi. Ta ni èèyàn ń mú lọ sílé ẹjọ́ nítorí oore?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà ní mo kàn ń ké. Ta ló wá bá mi nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tó ní, "Ìyàwó wa, fóònù kékeré yìí máa fọ́ yín lójú o"? Ta ló ní òun máa fi ètò kan sórí kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀ kó tó kú, tó jẹ́ pé bí mo bá ti tan án báyìí, gbogbo ímeèlì mi á ti tò sílẹ̀ dè mí, tí mi ò ní máa wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ wá wọn, tí mi ò ní máa gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù kiri? Ẹ̀yin ni! Mo sì dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀! Mi ò mọ̀ pé ẹni tó ní òun fẹ́ bá mi sọ ẹrù, òun gan-an ló máa gbé ẹrù náà lọ.

Èmi kúkú ni mo sọ yín ní Afínjú nígbà tí mo dé ilé yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yín nígbà náà, ẹ ti ń to bàtà gbogbo ilé ní méjì méjì sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá yà á lẹ máa bá jà. Mo rò pé mo fi ń kì yín ni. Ó ṣe, Ọlọ́run!

Torí ẹ̀yin ò lè ṣe nǹkan sílé ẹlòmíì kí ẹ má kọ́kọ́ dán an wò lọ́dọ̀ yín. Ẹ lọ to orúkọ mi àti páásíwọ́ọ̀dù mi sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé kí ẹ rí i bóyá á ṣiṣẹ́ ni. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ wá sílé mi, ẹ to tèmi. Ó ṣiṣẹ́. Ó wá ku kí ẹ padà síbí kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Ṣé ẹ yọ ọ́? Ẹ dá mi lóhùn kí àwọn wọ̀nyí gbọ́!

Ẹ gbàgbé. Ó dáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ sì gbéra, ẹ ní ọ́fíìsì ní kí ẹ lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, oṣù kan, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé; ẹ fi kọ̀ǹpútà yìí sílẹ̀ ní títàn, ẹ sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun nìyí níbẹ̀ o! "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á." Ẹ tún gé bébà náà ní igun mẹ́rin bí ẹni gé páálí àwòrán!

Ṣé ẹ mọ ẹni tó là mí lójú? Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ìyá onílé-ẹ̀kọ́ tí mò ń rán aṣọ fún ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti fi ìwọ̀n àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní irọ́ ni. Mo wo àgbàlagbà lójú mo ní irọ́ ni! Obìnrin ò jà o, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi hàn mí, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ojú tì mí bí ẹni tí ìró já sílẹ̀ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin àtúnṣe.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Màmá, ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà to irú nǹkan yìí. Ọ̀kan á kàn máa wo lẹ́tà níbi tó wà lọ́hùn-ún ni, bí ẹni mẹ́wàá bá wò ó, á ṣì wà níbẹ̀. Èkejì á fà á wọlé, á sì nu ibi tó ti mú un, àfi bí ẹni tó tò ó bá fàmì sí i pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀." Mo ní, ṣé wọn ò fàmì sí tèmi ni? Ó ní wọn ò fà á. Mo ní, kí ló dé? Ó ní bóyá ẹni náà ò fẹ́ kí nǹkan pọ̀ lójú kan kó má lọ dọ̀tí. Mo pariwo! Mo ní, "Òun ni! Òun gan-an nìyẹn!" Obìnrin ní, "Ta ni?"

Ó wá bi mí ní ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Àmọ́ inú ẹ̀rọ tiyín náà ṣófo. Lẹ́tà yìí ò sọnù, ẹnì kan ló ń kó o ṣáájú yín. Ta ló tún ní páásíwọ́ọ̀dù yín?" Mo ní àbúrò ọkọ mi nìkan ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, Afínjú! Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ẹ̀rọ yín yìí ń yọjú síbẹ̀, tọ̀sán tòru, ohun tó bá bá, ó kó o. Èmi tí mò ń tan tèmi lẹ́ẹ̀kan lówùúrọ̀ lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, kí ni màá bá? Àwo tí ológbò ti lá tán!

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò pè é lórí fóònù? Ẹ ṣeun. Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín, àbí kì í ṣe ọmọ yín ni, fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun. Oṣù mẹ́jọ lójú omi, oṣù méjì nílé. Nígbà tó sọ fún mi pé oyún ti dúró, dípò kí n bá a yọ̀, mo la ẹnu mi yìí, ẹnu tí mo fi ń jẹun, mo ní ẹni tó fẹ́ èrò orí omi, òun nìkan ni yóò bímọ nínú yàrá. Mo sọ ọ́. Mi ò sẹ́. Ó pa fóònù. Nígbà tó yá ó ní òun ò ní gbé ìpè mi mọ́, torí n kì í jẹ́ kí òun sọ gbólóhùn kan parí, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kí n kọ ọ́, òun náà á kọ tòun. Ṣé mo kọ̀? Èmi aránṣọ, tí kì í kọ ju iye íńṣì lọ, mo jókòó, mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, odidi ọ̀sán kan, mo ní ọmọ mi, má bínú, ẹnu mi ló ṣì í sọ. Mo fi ránṣẹ́. Mo wá ń retí.

Ohun tó sì burú jù nìyẹn, pé tèmi ń lọ! Obìnrin yẹn ní ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Tèmi ń lọ geerege, tirẹ̀ ń wọ ọ̀dọ̀ yín. Ó di ọjọ́ kejìlá, inú ti bí mi, mo tẹ òmíràn. Ìyẹn ò gba ọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà. "Bí o bá ti pinnu pé o ò ní ìyá mọ́, sọ fún mi kí n mọ̀." Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án ni mo kọ ọ́ sí!

Mi ò sì dìde lọ bá a. Ìrìn wákàtí mẹ́rin péré. Mo ní kò ránṣẹ́ pè mí. Mo ní ẹni tí a kò pè kì í dáhùn.

Ẹ ṣí i. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ wá ibi tí ẹ to orúkọ mi sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní tábìlì kejì, ẹ wá wò ó! Afínjú ya àyè sọ́tọ̀ fún lẹ́tà mi! Ó kọ "Ìyàwó Wa" sí i lórí kó má baà dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀! Afínjú, Ọlọ́run á dá a fún... rárá, mi ò ṣépè. Mi ò ní ṣépè. Ẹ lọ sókè. Tìyá onílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, ẹ fò ó. Òun nìyẹn. Orúkọ ọmọ mi nìyẹn. Mélòó? Mẹ́fà! Yéè, mẹ́fà!

Ẹ ka àkọlé wọn fún mi, àkọlé nìkan. "Màmá, mo ti gbọ́." Ẹ máa kà á lọ. "Dókítà ti dá ọjọ́." "Ṣé ẹ ó wá?" "Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín." Háà! Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì... Ẹ dúró ná. Ẹ dúró. Kí lèyí tó tẹ̀ lé e? "Mo rí ohun tí ẹ kọ." Ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ náà gan-an. Mo ti kú.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ kà á sókè.

"Obìnrin ni."

Ìgbà wo? Ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ tún un kà. Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti ní ọmọ-ọmọ láti ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì ń gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò! Lẹ́yìn ohun tí mo kọ sí i, ó ṣì kọ ọ́ sí mi pé obìnrin ni...

Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ mú ọwọ́ kúrò! Kí ló dé tí wọ́n dúdú tí wọ́n sì nípọn báyìí, tó yàtọ̀ sí lẹ́tà tiyín tó wà nísàlẹ̀ yẹn? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kà á? Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, á padà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àwọn yòókù? Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kà á, èmi náà ò ní kà á. Ẹ ní kí n kọ̀wé sí i? Ìwé ti tó láàárín wa. Kí n bá a sọ ọ́ lórí fóònù, kó ní mò ń parọ́?

Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Mo ní kí ẹ yọ ọ́! Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé lọ́la la ó dá ẹ̀rọ ọ́fíìsì padà, bó bá sì fẹ́ bínú, kó bínú sí mi. Èmi á gbé ojú kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀yin ẹ gbé àpótí rẹ̀, inú mọ́tò yín là ń lọ. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ó tan án níwájú rẹ̀, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ṣe láìfi nǹkan kan pa mọ́, ẹ ó sì jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rèé, ìyá rẹ̀ ò tíì ka ọ̀kan.

Èmi á wà níta. Bó bá ní kí n wọlé, kí ẹ jáde wá pè mí.