Fírídọ̀ọ̀mù Tí Mo Fi Du Ràhmát

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Lékeléke, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ kí ẹ ka èyí tán. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún mẹ́rin, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sàn-án òní, nítorí mo mọ ara mi: bí ilẹ̀ ọ̀la bá tún mọ́ bá a nínú mi, màá tún wá àwáwí. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ sáré, ńṣe ló jókòó tì mí nínú ilé. Èèyàn méjì wà lẹ́yìn mi nínú yàrá yìí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà, ọmọ ń wo ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde pé mo fẹ́ mu omi, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbẹ mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa lè má mọ̀ mí ju orúkọ tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ lọ, Kápítẹ́nì Dúró. Dúrósinmí Ọláníyan lorúkọ mi. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Oniru ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ajah ni mo ń gbé, èmi ni mo sì dá Lékeléke sílẹ̀, iléeṣẹ́ bàálù tí kò ní bàálù kan ṣoṣo láyé yìí. Inú kọ̀ǹpútà la ti ń fò. Ẹnì kan á jókòó sí yàrá rẹ̀ ní VGC l'Ékòó, á gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá, èrò tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. A ó ṣírò wákàtí tó fi fò fún un, ipò rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi di kápítẹ́nì. Ìyàwó mi máa ń sọ pé àgbàlagbà tó ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ ni wá. Ì bá dára ká ní ọbẹ̀ yẹ̀pẹ̀ náà ló mọ. Èmi fi májèlé sí i.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, dókítà sọ fún mi pé ojú mi ò lè wa bàálù láéláé. Mo sunkún bí ọmọdé. Bàálù inú kọ̀ǹpútà yìí ni mo fi tu ara mi nínú, mo sì sọ yàrá ẹ̀yìn ilé mi di iwájú bàálù: àga méjì, ọwọ́ ìdarí méjì, ojú ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta. Nílẹ̀, pẹ́dà wà fún ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lápá òsì, òmíràn sì wà fún ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún. Òun la fi ń yí imú bàálù nígbà tó bá wà nílẹ̀, tí a tún fi ń tẹ bíréèkì. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí èèyàn bá tẹ̀, bàálù á jẹ́ ẹ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ràhmát nígbà tó dé bá wa. Bàbá rẹ̀, Alhaji Fàtíù, ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ní Awoyaya. Orí kọ̀ǹpútà àlòkù kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti ń fò, bó bá sì ń bá wa sọ̀rọ̀, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin á máa wọlé sí wa létí. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ balẹ̀, ńṣe ló máa ń rọra sọ bàálù kalẹ̀ bí ẹni sọ ìkòkò omi tó kún látorí, tí ẹ̀kán kan ò ní ta sílẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ohun tí ẹ máa ń bi mí. Mo jowú. Mo ti wá orúkọ mìíràn fún un títí, kò sí. Ọkùnrin tó ní irun funfun lágbọ̀n jowú ọmọ tó lè bí.

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo wa wà lórí ẹ̀rọ, tí mò ń balẹ̀ sí Ìbàdàn, ó ní, “Ẹ má bínú sà, atẹ́gùn ti yí o, ẹ̀yìn yín ló ti ń fẹ́ báyìí.” Òótọ́ ló sọ, iwájú ló yẹ kí atẹ́gùn ti máa fẹ́ bá bàálù tó ń balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń fi eyín jẹ ètè. Hakeem, igbákejì mi, pè mí lẹ́yìn náà. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o. Very soon, ọmọ yìí lá máa fún àwa gan-an ní test.” Hakeem, mi ò di ẹ̀bi rù ọ́, àwàdà lò ń ṣe. Èmi ni mo gbé àwàdà ẹ lọ sílé, tí mo ń bọ́ ọ lóúnjẹ.

Ràhmát fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú lókè Ọya, kó lọ wa bàálù gidi. Bàbá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa bàálù, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń ra irin lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kì í dá dúró láìgba fírídọ̀ọ̀mù: ọ̀gá á wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, á ṣàdúrà fún un, á ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ṣe bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ bàálù yìí, Ràhmát sì dárúkọ mi. Baba náà wá sílé mi fúnra rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọ̀gá Kápítẹ́nì, ọmọ yín ni. Ẹ bá mi wò ó. Tẹ́ ẹ bá ní ọwọ́ ẹ̀ ti mọ iṣẹ́, á lọ síléèwé yẹn, mi ò ní yí ohùn padà. Tẹ́ ẹ bá ní kò tíì mọ̀ ọ́n, á dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù.” Ó yẹ kí n sọ fún un pé èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni, pé èrò ni mí nínú gbogbo bàálù gidi tí mo wọ̀ rí. Mo kàn mi orí ni. Oyè tí mi ò jẹ dùn mọ́ mi.

Ọ̀sán Sátidé la fi ìdánwò sí. Ràhmát jókòó lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún, Alhaji wà lẹ́yìn wa lórí àga onírọ́bà. Hakeem ń fi ohun tó wà lójú ẹ̀rọ hàn gbogbo yín nílé yín. Ìkẹjà sí Ìlọrin ni. Ọmọ náà gbéra, kò sí àléébù. Ó fò, kò sí àléébù. Alhaji ń béèrè pé omi wo nìyẹn, ìlú wo nìyí, Ràhmát ń dá a lóhùn láìgbójú kúrò níwájú. Mo mọ̀ pé bó bá lè gbé e kalẹ̀, ó parí nìyẹn: ọmọ yìí á lọ gbé èrò tó ní ẹ̀jẹ̀ lára, èmi á padà sídìí tábìlì mi ní Oniru lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló wá dé tí mo fi bọ́ bàtà kí n tó jókòó? Kí ẹsẹ̀ mi má baà pariwo ni.

Táyà kanlẹ̀. Alhaji tiẹ̀ ti ń sọ pé “Alhamdulillah.” Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ tábìlì, mo tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàálù yí sọ́tùn-ún, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ koríko, apá rẹ̀ kan kanlẹ̀, ó dojú dé. Ràhmát ń fa ọwọ́ ìdarí, ó ń sọ pé, “Mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò tẹ̀ ẹ́.” Mo ti fa ẹsẹ̀ mi padà nígbà yẹn.

Alhaji tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó wá ní, “Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀?”

Ràhmát ní, “Méjìdínláàádọ́rin, Daddy. Kì í ṣe èèyàn gidi.”

“Tó bá jẹ́ gidi ńkọ́?”

Ràhmát yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, ṣé ẹsẹ̀ yín ò kan pẹ́dà ṣá?” Ojú tó fi wò mí ò fẹ̀sùn kàn mí, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Mo ní, “Ẹsẹ̀ mi bí báwo? Ẹ̀rù ló bà ẹ́, my dear. Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó sì ń wò ó lóòótọ́, ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Alhaji ní, “Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Ọmọ wẹ́dà tó bá ba irin jẹ́, wọ́n máa ń fún un ní irin mìíràn.” Ọlọ́run tún ṣílẹ̀kùn fún mi nìyẹn o, láti ẹnu bàbá ọmọ. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í. Mo ní, “Alhaji, irin la lè tún jó. Bàálù tó bá já, kò sẹ́ni tó ń tún un gbé balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Baba náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹlòmíràn ì bá tàn mí.” Mo gba ọpẹ́ yẹn. Mo gbà á, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì.

Ẹ̀yin náà rántí bí fíìmù bàálù tó dojú dé yẹn ṣe tàn ká àárín wa. Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ Ràhmát ní Àǹtí Koríko. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìdágbére. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo panu mọ́, ẹ sì ń pè mí ní Kápítẹ́nì.

Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ mọ ọgbà, bíríkìlà mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Awoyaya. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni mo tó rí i pé Ràhmát ló wà nídìí ọjà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Bàlíkísù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun, ó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, ó na ọmọ sí àbúrò rẹ̀. Ràhmát kọ́kọ́ jókòó pẹrẹsẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku sìmẹ́ǹtì, kó tó gbà á. Bàlíkísù ní, “Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, sà. Kì í gbé ọmọ lórí ìdúró. Ọkọ̀ Daddy gan-an, kò jẹ́ wà á.” Ràhmát rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ọwọ́ mi, sà. Mo máa ń ṣàdúà fún yín gan-an. Ẹ gba ẹ̀mí èèyàn là lọ́wọ́ mi.”

Mi ò ra irin mọ́. Láti ọjọ́ náà, ara mi ò gba ìjókòó, kò gba ìdúró. Níbi iṣẹ́, oníbàárà á máa bá mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á máa tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo bá Ọlọ́run sọ ọ́, kò tó. Ọ̀rọ̀ tí mo bà jẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn, ọ̀dọ̀ èèyàn náà ni mo ní láti gbé e lọ. Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ sí Awoyaya, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín irin, mo sọ ọ́ fún bàbá àti ọmọ.

Alhaji ò pariwo. Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.” Ó tún un sọ, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín,” ó sì kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ràhmát ò sunkún. Ìbéèrè kan ló bi mí. Ó ní, “Kí táyà tó kanlẹ̀ lẹ tẹ̀ ẹ́, àbí lẹ́yìn tó kanlẹ̀?”

Mo ní lẹ́yìn tó kanlẹ̀ ni.

“A jẹ́ pé mo ti balẹ̀.”

“O ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó balẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá mi rí.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, “Mi ò lè sọ ọ́ báyìí, sà, irọ́ ni màá pa. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún gbogbo àwọn tó wò ó. Mo ń bọ̀ ní Sátidé.”

Sátidé ọ̀hún la wà yìí. Àwọn ló wà lẹ́yìn mi. Mo ti tú pẹ́dà ẹsẹ̀ tèmi, mo ti gbé e síta, àga ọ̀tún á sì ṣófo. Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní kápítẹ́nì mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa, bí ẹ bá rí i tí ẹni tó kéré sí yín ń ṣe ohun tí ẹ̀yin ò lè ṣe, tí nǹkan sì ń gbóná láyà yín, ẹ tètè wí i síta fún ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kó dé ẹsẹ̀ yín. Hakeem, bí o bá ti ka ibí yìí tán, bá mi ṣí ojú ẹ̀rọ sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè máa wò ó bíi tọjọ́ náà. Ràhmát ti bọ́ sí àga òsì. Ìkẹjà sí Ìlọrin náà ló ní òun fẹ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí kò fọwọ́ kan ọwọ́ ìdarí, mo sì ń rí ìka rẹ̀ láti ibi tí mo wà, wọ́n ń gbọ̀n. Bó bá gbé e balẹ̀ re, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹ kí i. Bó bá tún wọ koríko, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi náà ni.