Ohùn Mi Ni Wọ́n Tẹ̀ ní Ìpàdé

[Àbúrò ọkùnrin, tó ń ya máàpù, ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ayàwòrán ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ́fíìsì àbúrò náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n gbé e. Ariwo òòlù lẹ́yìn rẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò! Onímáàpù mi!

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán, ọkọ mi. Ìyàwó ńkọ́? Sọ̀rọ̀ kíá, orí àkàbà ni mo wà. Ṣé wọ́n ti yọ iná funfun tó ń kùn bí eṣinṣin yẹn?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Tuntun yẹn tutù lójú, àbí?

ÀBÚRÒ: Ó tutù. Akọ̀wé wa ní orí ò fọ́ òun mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ fún ẹ! Kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ ò gbúròó bàtà mọ́ báyìí—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ohùn mi ṣe dé ọwọ́ ọ̀gá?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí? Ó ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ní ohùn mi. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo wa gbọ́ ní ìpàdé àárọ̀ yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohùn... èwo?

ÀBÚRÒ: Èyí tí mo ti ń sunkún.

[Nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.]

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. Jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀.

ÀBÚRÒ: Inú mọ́tò yín ni mo ti sọ ọ́, èmi àti ẹ̀yin nìkan. Mo ní tí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, bíi kí wọ́n máa da òkúta sí mi létí ni. Mo ní mo máa ń sá wọ stóòrù, kí n dijú, kí n fọwọ́ di etí, kí n máa mì síwá sẹ́yìn—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀—

ÀBÚRÒ: Àwọn náà ti mọ̀! Àárín wọn ni mo jókòó sí, tí mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń fa ikun símú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà lo gbà pé kí n gbà á sílẹ̀, kí n lè yàwòrán ibi tó máa bá ẹ lára mu—

ÀBÚRÒ: Kí ẹ lè yàwòrán! Mi ò ní kí ẹ gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́ ná. Mo gbé ìwé lọ bá ọ̀gá yín, mo gbé àwòrán lọ, ó ń yán. Ó ní àwọn ò lè torí ẹnì kan fọ́ ògiri. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ẹ ló ń nu omijé. Ojú ẹsẹ̀ ló buwọ́ lù ú.

ÀBÚRÒ: Ẹ fi ẹkún mi gba iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! Mo bẹ ọ̀gá yín pé kó má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́— Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tó ṣe ò dáa. Àmọ́ yàrá ìdákẹ́jẹ́ yẹn ńkọ́? Tí mo fi tìmùtìmù bo ògiri ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti gbé tábìlì mi sínú ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Tábìlì kẹ̀? Ẹni tó bá rẹ̀ ló wà fún. Á wọlé, á mí, á jáde.

ÀBÚRÒ: Èmi ni wọ́n ní kí n má jáde. Àánú mi ṣe ọ̀gá. Wọ́n ti yọ mí nínú iṣẹ́ máàpù odò tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ìpàdé ẹ̀ á pọ̀ jù fún mi. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ máa ń bú ara wa ṣeré kan ilẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè.

ÀBÚRÒ: Kí ni mo bẹ̀ yín? Kí wọ́n yí iná padà. Kí wọ́n gbé tábìlì mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n jẹ́ kí n máa fi hẹ́dífóònù sétí. Ó tán! Àárín wọn ni mo fẹ́ wà, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màá pe ọ̀gá yín. Lónìí yìí.

ÀBÚRÒ: Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fata sẹ́nu.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sọ bẹ́ẹ̀, please. Èmi tí mo máa ń torí ẹ jà nílé-ìwé—

ÀBÚRÒ: Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín! Màmá ò gbọ́ ọ. Ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ ọ.

[Ohùn fóònù ń já.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Sorry, àbúrò mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

ÀBÚRÒ: Ẹ delete ẹ̀. Lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà, níbi gbogbo.

[Òòlù ń lu ògiri.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Màá delete tèmi.

ÀBÚRÒ: Tiyín? Ta ló tún ní i?

Ẹ̀GBỌ́N: Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tìẹ wà níbí náà, ìyà ń jẹ wọ́n, ọ̀gá wọn ò sì fẹ́ gbọ́—

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò dárúkọ ẹ! Mo kàn rò pé tí wọ́n bá gbọ́ bó ṣe ń dun èèyàn... Ṣé o gbọ́ mi? Àbúrò mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gba èyí náà sílẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi? Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò—

[Fóònù gé.]