Ìpè Rámátù Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó la ẹnu mi! Ẹ tún un yìn! Mo kí yín, okun o, gbogbo ìjọ. Halelúyà!

Orogún mi ló jókòó lẹ́yìn yẹn, tó da ìborùn funfun borí. Mùsùlùmí ni. Ó ní ìṣojú òun ni n ó ti jẹ́ ẹ̀rí yìí, kí n má baà fo ibi tí kò dùn. Okun o, ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kí ìjọba tó kọ́ ilé ìwòsàn sí ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí bọ́ sí. Pásítọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ lẹ kọ́kọ́ yọ sí mi!

Èmi ni ìyálé. Títí ni ọmọ ọmọ mi. Rámátù ni ọmọ ọmọ ìyàwó mi. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà ní yunifásítì. Nígbà tó tó àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, èyí tí wọ́n ń pè ní áítì, àwọn méjèèjì kọ̀wé sí àjọ kan náà. Àjọ yìí ká gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ oyún àti ìfètòsọ́mọbíbí ni iṣẹ́ wọn, àti pé kí abiyamọ má kú sórí ìkúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ o, iṣẹ́ tèmi! Ta ni yóò jogún rẹ̀ bí kò ṣe Títí?

Ẹ sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Àfi ẹ̀yìnkùlé mi, lẹ́bàá àpáta. Ìdí nìyẹn tí Rámátù, tó wá lo ìsinmi nílé, fi kọ nọ́ńbà mi sínú ìwé rẹ̀. Títí wà ní Ìlọrin ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún. Obìnrin kan ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Rámátù kó wá rí wa ní Lọ́kọ́já lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kò bá wá, a ó mú ẹlòmíràn."

Mo ní, "Títí ńkọ́?"

Ó ní, "Títí wo, mà?"

Ẹ̀yin ará, nǹkan bọ́ sí mi láyà, ó ta mí bí ata. Ìyàwó tí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà! Tí kò gbẹ̀bí ewúrẹ́ rí! Ọmọ ọmọ tirẹ̀ ni yóò wọ aṣọ àjọ? Mo ní, "Mo gbọ́." Mo ki fóònù bọnú igbá ẹ̀gúsí, mo dé e.

Nírọ̀lẹ́, Rámátù dé. "Ìyá àgbà, ṣé ẹnìkan pè mí?"

"Ta ni yóò pè ọ́?"

Ó tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti pọnmi kún ìkòkò mi kó tó béèrè. Mo ní wọn ò pè. Nírọ̀lẹ́, mo tún ní wọn ò pè. Pétérù sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ò kà á mọ́.

Orí ń fọ́ mi. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, ó so nǹkan mọ́ mi lápá. "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru sókè! Kí lẹ ń rò?"

"N ò ro nǹkan kan."

"Ìyá, ẹ̀rọ yìí ò mọ irọ́ í pa o."

Ọjọ́rú, lọ́sàn-án gangan, fóònù dún nínú ẹ̀gúsí. Obìnrin ọjọ́sí ni. "Mà, ṣé Rámátù ti gbọ́?" Kí n tó dáhùn, ó ní, "Ẹ bá wa rọ̀ ọ́ kó wá o. Ìwé tó kọ wú wa lórí. Ó ní ìyá kan wà nílé wọn tó ń gbẹ̀bí nígbà tí kò sí dókítà. Ó ní lọ́jọ́ tí ọwọ́ ìyá náà ò ká a, ó gbé aboyún sínú bárò, ó tì í dé ojú títì. Nítorí ìyá yẹn ló ṣe fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọlọ́run mi! Ìyá Rámátù ló wà nínú bárò yẹn. Rámátù ló wà nínú ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni. N ò sì tíì jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán mi láti ọjọ́ Ajé."

Ó ní, "Mà, ọ̀la ni o."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ ilé ìyàwó mi. Rámátù ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó! Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyàwó mi ní:

"Ìyálé mi, láti ọjọ́ Ajé lẹ ò ti bú mi. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe yín. Ẹ dìde, orúnkún yín ò gba èyí. Inú bí mi o! Ẹ̀yin lẹ máa sin ọmọ yìí dé Lọ́kọ́já."

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ọ̀kadà gbé wa dé Kabba, bọ́ọ̀sì gbé wa dé Lọ́kọ́já. A débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n gbà á! Ẹ ṣé o, Olúwa! Nígbà tí a padà délé, nọ́ọ̀sì tún so nǹkan mọ́ mi lápá, ó ní, "Ìyá, ó ti wálẹ̀." Halelúyà!

N ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí Rámátù wọ aṣọ àjọ wá kí mi, àyà mi tún ta díẹ̀. Títí pè mí láti Ìlọrin, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ ò sọ ìtàn bárò fún mi rí." Mo ní, "Ìwọ náà ò béèrè rí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Títí ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Mo dúpẹ́.

Ìwọ tí ire ẹlòmíràn ń há ní ọ̀fun, má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Bí ìròyìn ayọ̀ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, dìde, lọ jẹ́ iṣẹ́ náà lónìí. Ọlọ́run tó gbà mí yóò gbà ọ́.

Ìyàwó mi, ṣé mo fo ibì kankan?

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní mo fo ọ̀kan. Ó ní àwa méjì la ti bárò náà.

Òótọ́ ni. Àwa méjì ni. Ẹ bá àwa méjèèjì dúpẹ́.