Kò Sí Nǹkan Kan Lẹ́yìn Àmì Tó Ń Yí Yẹn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́ tí mi ò lè sọ. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn méjì báyìí, ara sì ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ṣẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì mọ orúkọ wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ìlaròó ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ẹ̀gùá. Òun ló ní kí n ṣe ìkànnì kan fún wọn, níbi tí ẹni tó bá ń wá ẹbí rẹ̀ ní òdìkejì ẹnubodè yóò ti kọ orúkọ onítọ̀hún, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lọ́hùn-ún lè bá a wá a.

Mo ṣe é, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Mo gbìyànjú títí, kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i sì ti dé tán. Ojú tì mí láti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, torí ó ti ń fi mí yangàn káàkiri.

Ẹ mọ àmì roboto tó máa ń yí lójú fóònù nígbà tí èèyàn bá ń dúró kí nǹkan jáde. Òun ni mo fi bo ara mi láṣìírí. Mo kùn ún ní àwọ̀ aró. Mo dín eré rẹ̀ kù, kó lè dà bíi pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Tó bá yí díẹ̀, yóò dúró, yóò wá kọ ọ́ pé: "A ti gbọ́ yín. Ẹ máa retí wa." Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ, ṣe ló ń ṣègbé.

Mo ní màá tún un ṣe láìpẹ́. Iṣẹ́ mìíràn dé. Nígbà tó yá, mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí ìkànnì náà sójú mọ́.

Màmá Àlímọ́tù, aládùúgbò wa, wá bá mi. Ràfátù, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bá ọkọ lọ sí Kétu ní òdìkejì ẹnubodè, wọn ò sì gbúròó ara wọn mọ́ látìgbà tí fóònù Ràfátù ti sọnù. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Àmì náà ń yí, Màmá sún mọ́ ọn, ó ń wò ó.

"Ṣé ó ti ń wá a nìyẹn?"

"Ó ti ń wá a, Màmá."

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Látìgbà náà, tó bá ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, yóò yà lọ́dọ̀ mi, yóò béèrè, yóò ṣàdúrà fún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ fún mi pé Múfútàù ọmọ òun fẹ́ lọ wá Ràfátù ní Kétu, òun sì ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ìkànnì wa ti ń wá a. Mo gbé oúnjẹ tí mò ń jẹ sápá kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi látọjọ́ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

Kò bú mi. Ó ní kí n dìde, pé èmi ni màá bá òun àti Múfútàù lọ.

Ìmẹ̀kọ la gbà. Nígbà tá a dé Kétu, à ń béèrè láti agboolé dé agboolé, títí wọ́n fi mú wa dé ibi tí Ràfátù ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Mo yíjú sápá kan, mo sunkún.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ọkọ Ràfátù ti kú, lásìkò tí Màmá ṣì ń retí ìkànnì mi. Kò sí ẹbí rẹ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ọ̀fọ̀. Màmá wò mí. Mi ò ní gbàgbé ìwò yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tá à ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn. Ọkàn mi balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá ẹni tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ ní Ayétòrò, ó bá mi tún ìkànnì náà ṣe. Ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ báyìí. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Délé náà. Ó bínú gan-an, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n, àbí kí n dìde nípàdé ẹgbẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti kọ orúkọ èèyàn yín síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má retí wa mọ́. A ò gbọ́ yín. Ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì dìde lọ wá wọn.