Ìdì Ewé Tí Mi Ò Gbé Kọ́

Ẹ gbé ife yín sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fi kẹ̀kẹ́ yín ti ògiri kẹ́ ẹ wá jókòó. Odò Mosel ò ní gbẹ kẹ́ ẹ tó padà sọ́nà. Èmi Walburga, tí gbogbo ayé ń pè ní Burga, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tó ti ń fún mi pa láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n má gun òkè àjàrà mọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, òní ni màá tú u sílẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kò tó ohun tí mò ń sunkún lé lórí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé, "Ó tó, Màmá Burga." Kò tíì tó.

Gbogbo ará àdúgbò mọ Irmhild. Òun ló ni ilé tó wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti yí kọ́nà. Àdúgbò kan náà ni wọ́n bí wa sí, ilé ìwé kan náà la lọ, lọ́jọ́ tí mo sì ṣègbéyàwó, òun ló dirun fún mi. Nígbà tí wọ́n hú ojú irin àtijọ́ kúrò létí odò, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ gbà, àwa méjèèjì la jọ fò sókè. Irmhild ní, "Burga, àlejò á máa ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bí omi!" Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí àjàrà bá ti rúwé títí di ìkórè, wọ́n á máa bọ̀, tọkọtaya, bàbá àtọmọ, àwọn arúgbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ṣe fàájì, oòrùn á ti sọ ojú wọn di pupa, ebi á sì ti ń pa wọ́n. Ẹ kúkú mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí: àgbẹ̀ àjàrà tó bá fẹ́ ta wáìnì ara rẹ̀ nínú àgbàlá á gbé ìdì ewé kọ́ sórí òpó. Bí ìdì ewé bá wà lókè, ilé ṣí, ẹ yà. Bí kò bá sí, oníkẹ̀kẹ́ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á kàn wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ ni.

Orúnkún Irmhild ò dára. Òpó tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, létí ọ̀nà, láàárín igi àjàrà, kò lè rí i láti àgbàlá rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a gbé ìdì ewé kọ́ lọ́dọọdún. Á dì í fúnra rẹ̀, á fi rìbọ́nù so ó, á wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbé e sókè dáadáa o, kí wọ́n lè rí i láti ọ̀ọ́kán." Kò yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò rí. Ó fọkàn tán mi bí ẹni fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀.

Wubbo àti Tjitske ló dá a sílẹ̀. Rárá, ẹ má gbọ́ tèmi, irọ́ ni, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Tọkọtaya kan láti Netherlands ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń yà, mo sì fẹ́ràn wọn bí ẹbí. Lọ́dún kan, mo rí kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà Irmhild. Nígbà tí wọ́n wá kí mi lẹ́yìn náà, Tjitske ṣì ń nu ẹnu. Ó ní, "Burga, páì àlùbọ́sà Irmhild yẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàwo!" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ kú oríire. Inú mi ń ta bí ata. Páì àlùbọ́sà! Nítorí páì àlùbọ́sà ni mo ṣe ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Irmhild gbé ìdì ewé lé mi lọ́wọ́, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ìdí òpó. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sáré lọ wo ọbẹ̀ mi lórí iná, màá padà wá. Mo tì í sábẹ́ igi àjàrà. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, Wubbo àti Tjitske ti wà lágbàlá mi. Wubbo ní, "Ọ̀dọ̀ Irmhild la fẹ́ kọ́kọ́ dúró sí, ṣùgbọ́n a ò rí ìdì ewé." Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ló dáhùn pé, "Ó ń sinmi lọ́dún yìí. Orúnkún ni." Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n sì ní kí n bu wáìnì sí i. Mi ò padà lọ gbé ìdì ewé náà kọ́ mọ́; nígbà tílẹ̀ ṣú, mo yọ́ lọ gbé e wálé.

Alois ọkọ mi rí ìdì ewé náà nínú àká, níbi tí mo gbé e pamọ́ sí. Ó mú un wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Burga, kí lèyí?"

"Ewé ni."

"Ewé ta ni?"

"Alois, àlejò kún ìta, o ní ká wá máa sọ̀rọ̀ ewé?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Jọ̀ọ́, gbé e kọ́. Irmhild mà ni." Mo ní ó dọ̀la. Ọ̀la yẹn ò dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, torí ó nífẹ̀ẹ́ mi, mo sì fi ìfẹ́ yẹn sọ òun náà di alábàápín ẹ̀ṣẹ̀.

Irmhild ò mọ nǹkan kan. Láràárọ̀ ló ń yan páì, á wọ épírónì funfun, á jókòó sí àgbàlá láti máa retí. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, màá gòkè lọ kí i, a ó jọ jẹ ohun tó ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo lé àlejò, èmi náà ni mo ń bá a jẹ oúnjẹ tí àlejò ò rí jẹ. Ó ní, "Burga, mò ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ń kọjá nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Kí ni mo ṣe tí wọn ò yà?" Mo ní, "Ayé ti yí padà, ọ̀rẹ́ mi." Mo tún gé páì sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é lọ́dún yẹn, mo sì tún ṣe é lọ́dún kejì. Èyí tó burú jù ló kù yìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Irmhild wá bá mi tòun ti ìgò kan tó fi tówẹ̀lì wé. Ó ní, "Ìwọ lẹnu rẹ mọ wáìnì jù ládùúgbò yìí. Tọ́ ọ wò. Bó bá ti bàjẹ́, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Ó kéré tán, màá mọ ohun tó ń lé wọn." Mo tọ́ ọ wò. Mo mọ ohun tó kàn mí lẹ́nu. Ó ń wo ojú mi bí ọmọdé tó ń retí èsì ìdánwò. Mo ní, "Irmhild, ó ti kan."

Kò sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọlọ́run ló fún mi ní ọ̀rẹ́ tí kì í tàn mí." Ó délé, ó da gbogbo wáìnì inú àgbá rẹ̀ sí gọ́tà. Nígbà tí òtútù dé, ó ní kí wọ́n hú àjàrà tí bàbá rẹ̀ gbìn sí òkè náà kúrò, pé ọwọ́ òun ò gba wáìnì. Èmi ni mo se kọfí fún àwọn tó wá hú u. Ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo gbé kọfí gòkè, tí mo ń pín in. Ìlà àjàrà mélòó kan tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ló ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà, Irmhild wá ń bá mi yan páì ní ilé ìdáná mi, fún àlejò mi. Nígbà tí Alois dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń fi ṣíbí fún un lọ́bẹ̀ tí mo bá sùn lọ. Alois á kàn dijú ni.

Ǹ bá kú láìsọ ọ́ bí kì í bá ṣe Svenja. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọmọ Irmhild, tó lọ kọ́ṣẹ́ wáìnì, tó padà wá tún ìlà mélòó kan yẹn ṣe. Ó fẹ́ gbé ìdì ewé kọ́ lọ́dún yìí. Ìyá ìyá rẹ̀ ní láéláé. Mo wà níbẹ̀ lánàá. Svenja ní, "Màmá Àgbà, kí ló dé?" Irmhild ní, "Ọwọ́ ilé wa ò gbà á, ọmọ mi. Wàá kàn jókòó, wàá máa gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ni. Burga tọ́ tèmi wò, ó ní ó ti kan. Burga kì í purọ́." Svenja bọ́ épírónì rẹ̀, ó ní òun á padà sí ìlú ńlá. Mo di tábìlì mú, mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀, látorí ewé dórí kọfí.

Irmhild dìde. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo jáde.

Láàárọ̀ yìí, ó wá bá mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Svenja tẹ̀ lé e tòun ti ìgò. Kò kí mi. Ó bu wáìnì ọmọ náà, ó ní, "Tọ́ ọ wò." Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ara mi ló fẹ́ kí n sọ pé oyin ni, kó lè dárí jì mí. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó ti tètè wọ ìgò. Ó ṣì ń ta lẹ́nu." Ojú Svenja rẹ̀wẹ̀sì. Irmhild bú sẹ́rìn-ín: "Ohun tí mo bá a sọ nìyẹn, olórí kunkun ò gbọ́!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ó dáa. Tèmi yẹn ńkọ́, Burga? Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mo sọ fún un. Mo ní ó tutù, ó mọ́, ó ń ta sánsán bí èso píìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, mi ò tọ́ irú rẹ̀ wò rí, látọjọ́ náà mi ò sì tíì rí irú rẹ̀. Irmhild dijú, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń wá a lórí ahọ́n. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó lọ.

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì lẹ́nu láti fipá bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá lóhun tẹ́ ẹ ò ní, ẹ sọ fún un lójú pé ẹ̀ ń jowú. Ẹ bú u, ẹ bá a jà, kó tán. Ẹ má fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ bíi tèmi. Ní báyìí, mi ò ní bu wáìnì sí i fún ẹnikẹ́ni. Ìdì ewé Svenja ti wà lókè láti nǹkan bíi wákàtí kan, páì ti jáde nínú ààrò, Irmhild sì ti jókòó sí àgbàlá, ó ń tẹ́tí sí ọ̀nà. Ẹ dìde, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín, ẹ lọ kó tó di pé ó tún rò pé ẹnikẹ́ni ò ní yà.